Ilẹ̀ Oníná Lórí Ilé Manseong

Orí Òrùlé, Ilé Manseong,
Euljiro, Seoul.
Ogúnjọ́ Oṣù Kọkànlá, 1970.

Mal-sun ọmọ mi,

O kú òtútù o. O kú iṣẹ́ àwọn aláìsàn, o kú àárò ilé. Ìyá rẹ ní mi ò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun kí n tó béèrè ohun tó o jẹ lánàá. Ó dáa, mo ti béèrè: kí lo jẹ?

Ilé ti parí! Ṣé o rántí kòtò ńlá tá a jọ dúró wò lọ́sẹ̀ tó o máa lọ sí Jámánì, tó o ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má fẹ́ sin òkè kan síbẹ̀? Oṣù mẹ́sàn-án péré, àjà mẹ́sàn-án ti dìde níbẹ̀. Ọ̀gá Ku tó ni ín ló sọ ọ́ ní Manseong. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí igi. Kọnkéré àti gíláàsì ni, fèrèsé tò lọ rẹrẹ láti igun kan dé èkejì. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn àgbà àdúgbò ń mi orí, wọ́n ní ilé tí kò ní ṣóńṣó, ibo ni yìnyín máa gbà bọ́ sílẹ̀? Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé.

Àwọn ará abúlé wa wọ ọkọ̀ wákàtí márùn-ún kí wọ́n lè wá gun lífìtì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lífìtì, bí èèyàn ṣe ń ṣe kó tó wọlé onílé. Ìgbà tó dé àjà kẹjọ ló tó bojú wo ẹsẹ̀. Ó ní, “Gil-yong, bàtà mi dà?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó wà nísàlẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.” A rẹ́rìn-ín títí lífìtì fi gbé wa padà sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni olùtọ́jú ilé báyìí o. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà ní ìbàdí mi. Yàrá tí wọ́n fún wa wà lórí òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ọ̀gá Ku gbé bẹ́ẹ̀dì onírin sí i, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná sára ògiri. Àmọ́ ìyá rẹ ò rí oorun sùn. Ó ní afẹ́fẹ́ ni nǹkan yẹn ń mú gbóná, ẹ̀yìn òun ń tutù. Bó o bá rí òróró ìpara, fi ránṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Tak Gil-yong, olùtọ́jú Ilé Manseong (wọ́n ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn).


Wuppertal, Jámánì.
Ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kìn-ín-ní, 1971.

Bàbá mi,

Mo forí balẹ̀ fún yín àti fún ìyá mi, ẹ kú ọdún tuntun. Pòtétò bíbọ̀ ni mo jẹ lánàá. Ti ìjẹta náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá mi pé ìrẹsì ni.

Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ mo kà á: odindi ojú ewé mẹ́ta lẹ fi ròyìn ilé, ìlà mẹ́ta lẹ fi ròyìn ẹ̀yìn ìyá mi. Ṣé kọnkéré ló bí mi ni?

Síbẹ̀ mo mú fọ́tò ilé náà tẹ́ ẹ fi sínú lẹ́tà lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tó máa ń bi mí bóyá abẹ́ koríko là ń gbé ní Korea. Mo gbé fọ́tò náà síwájú rẹ̀. Mo ní, “Ilé bàbá mi nìyẹn.” Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ó kàn dùn mọ́ mi lẹ́nu ni. Kò tún bi mí ní ìbéèrè mọ́.

Òróró ìpara méjì wà nínú àpótí yìí. Èmi náà ò lè sun orí bẹ́ẹ̀dì, mo ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ ni mò ń sùn sí, àwọn tá a jọ ń gbé rò pé ìyà ni mò ń fi jẹ ara mi. Bàbá, ká ní mo lè fẹ̀yìn lélẹ̀ gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan péré, bí a ṣe ń ṣe nílé bàbá bàbá mi, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

Ọmọ yín tí oorun ń kùn,
Mal-sun.


Orí Òrùlé, Ilé Manseong.
Ọjọ́ kọkànlá Oṣù Kẹrin, 1971.

Mal-sun,

O kú ìrántí wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ti ṣe ilẹ̀ oníná sórí Ilé Manseong.

Má pariwo. Lẹ́tà rẹ ló fà á. Mo ka ibi tó o ti dárúkọ ilẹ̀ gbígbóná fún ìyá rẹ, ó kàn kọjú sí ògiri. Ni mo bá lọ sí abúlé, mo hú òkúta abẹ́ ilẹ̀ ilé bàbá mi, àwọn òkúta tí iná ti ń gba abẹ́ wọn kọjá kí wọ́n tó bí mi. Òkúta pẹlẹbẹ mọ́kànlélógún. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni mo fi kó wọn gòkè nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì. Ẹní ni mo fi wé wọn kí wọ́n lè jọ ẹrù ìwé. Lífìtì ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Mo tò wọ́n sórí kọnkéré, mo fi amọ̀ rẹ́ wọn, mo lẹ bébà olóròóró lé e, mo la ojú iná fún èédú lẹ́yìn ògiri. Táǹkì omi ni mo fi bo ẹnu èéfín. Bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá Ku ti di ibi tá à ń sá ata sí.

Ìyá rẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ láàárọ̀, kò dìde títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Ìyá Mal-sun, ṣé kò sí?” Ó ní, “Má dà mí láàmú. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Seoul.”

Ẹni tó ya àwòrán ilé yìí ò fi òkúta bàbá mi sínú ìṣirò rẹ̀, mo mọ̀. Ó ń kọ mí lóminú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan ò rí, kò lè bínú sí i. Dáná sun lẹ́tà yìí.

Bàbá rẹ.


Wuppertal.
Ọjọ́ kejì Oṣù Kẹwàá, 1975.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà kẹta rèé láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín pé mo fẹ́ Reinhold. Méjì àkọ́kọ́, ẹ ò fèsì. Àwọn nọ́ọ̀sì Korea tá a jọ wà níbí ní bàbá tó dákẹ́ sàn ju bàbá tó ṣépè lọ. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń ṣépè ṣì ń dárúkọ èèyàn.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ gba àṣẹ yín. Lẹ́tà á lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọ̀sẹ̀ méjì bọ̀, ẹ ó sì sọ pé rárá. Ẹ̀rù rárá yẹn ló bà mí. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo tọrọ àforíjì. Reinhold kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkọ̀ ojú irin ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí bíi tiyín. Ó ti gbìyànjú láti jẹ kimchi, ẹ̀fọ́ aláta wa, omi sì ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Báwo ni ilé? Báwo ni ìyá mi? Ẹ sọ̀rọ̀, bó ṣe ìlà kan.

Mal-sun.


Orí Òrùlé, Ilé Manseong.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún Oṣù Karùn-ún, 1984.

Mal-sun,

Ìyá rẹ ti lọ. Ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta rẹ̀ la ṣe lánàá. Ibi tí ilẹ̀ ti gbóná jù nínú yàrá, ẹ̀gbẹ́ ojú iná, ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, kò jẹ̀rora.

Mi ò fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ. Mo rò pé ọ̀nà jìn, ìbànújẹ́ rẹ ò ní jí i.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó o mọ̀. Láti ọjọ́ tó o ti lọ, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ló ń bu ìrẹsì kún abọ́ kan fún ọ, á dé e, á fi kúbùsù bò ó níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, kí ebi má bàa pa ọ́ níbi tó o wà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi kọ̀wé sí ọ, ìrẹsì rẹ ni mo sì ń jẹ láàárọ̀.

Ilé wà dáadáa. Wọ́n pààrọ̀ gíláàsì àjà kẹrin.

Bàbá rẹ.


Wuppertal.
Ọjọ́ kẹta Oṣù Kẹfà, 1984.

Bàbá,

Ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta! Iṣẹ́ ni mò ń lọ, mò ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú aláìsàn, mò ń ra aṣọ, ìyá mi sì ti wà nínú ilẹ̀. Ta ló fún yín láṣẹ kẹ́ ẹ gba ẹkún mi lọ́wọ́ mi? Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí n bànújẹ́. Ìbànújẹ́ mi ni, Bàbá, èmi ni mo ni ín.

Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ gíláàsì àjà kẹrin fún mi.

Mo ka ti abọ́ ìrẹsì yẹn, mi ò lè parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín sí. Bó bá di tiyín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lẹ́tà ni màá fi gbọ́.

Mal-sun.


Orí Òrùlé, Ilé Manseong.
Ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹta, 1996.

Mal-sun ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ rẹ ńkọ́? Hanna ọmọ yín ńkọ́? Fọ́tò rẹ̀ ti ọdún tuntun dé. Imú bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé, àmọ́ ojú ìyá mi ló fi ń wo èèyàn.

O béèrè ilé. Ilé ò dáa. Láti ọdún mẹ́wàá ni àwọn ọ́fíìsì ti ń kó lọ sí òdìkejì odò, níbi tí àwọn ilé tuntun ti ga débi tí ọrùn ń dun èèyàn. Aránṣọ kan ló kù ní àjà kejì, àti dókítà eyín kan tí òun náà ò ní eyín mọ́. Lífìtì ti kú. Ìgbà kan wà tí ọkọ àti ìyàwó tuntun ń wá ya fọ́tò níwájú ilé yìí. Ní báyìí, wọ́n ń da ìdọ̀tí síbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ilé ti sán, ó ń jò, kí gbogbo èèyàn kó jáde kí Oṣù Keje tó parí, wọ́n fẹ́ wó o. Mo tẹ̀ lé àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti fi pẹ́ńsù sàmì jù? Òkè àjà kẹsàn-án, abẹ́ yàrá wa gan-an. Mal-sun, èmi ni mo pa á. Òkúta mọ́kànlélógún, iná ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lórí ilé tí wọn ò kọ́ fún un.

O ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Mi ò lọ síbì kankan. Màá tẹ́ ẹní koríko, màá kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ níwájú ọmọ Ọ̀gá Ku, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe tí ẹ̀ṣẹ̀ bá wúwo, màá jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, bó bá wù wọ́n, kí wọ́n wó o lé mi lórí.

Bàbá rẹ.


Wuppertal.
Ọjọ́ kejì Oṣù Kẹrin, 1996.

Bàbá mi,

Ṣé ẹ tún lẹ́tà yín kà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́? Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mo mọ ohun tí arúgbó ń wí nígbà tó bá ní kí wọ́n wó ilé lé òun lórí.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, a jọ dá a ni. Lẹ́tà mi ló tì yín. Ẹ jẹ́wọ́ bó bá wù yín, àmọ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òrùlé yẹn. Yàrá kan ṣófo nílé wa. Hanna ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ó ń forí balẹ̀ fún ajá.

Ẹ má ṣe mí bí ẹ ṣe ṣe mí lórí ìyá mi. Mo ń retí èsì.

Mal-sun.


Wuppertal.
Ọjọ́ kejìdínlógún Oṣù Keje, 1996.

Bàbá mi,

Oṣù mẹ́ta àbọ̀, ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù aránṣọ àjà kejì. Ohùn kan ní nọ́ńbà náà ò sí mọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, bí ẹni pé ó lè yí ọkàn padà.

Mi ò bínú mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún Oṣù Kẹjọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ òfuurufú máa balẹ̀ ní Seoul. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Bí ẹ bá wà láàyè, ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí màá gbà. Bí ẹ bá wà lórí òrùlé yẹn, màá gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, màá sì fà yín sọ̀ kalẹ̀.

Mal-sun.


Yàrá kẹrin, Ilé Ìyá Pyo,
ẹ̀yìn ọjà Jungbu, Seoul.
Ọjọ́ kẹsàn-án Oṣù Kẹjọ, 1996.

Mal-sun ọmọ mi,

Wo àdírẹ́sì tó wà lókè kó o tó sunkún. Mo wà láàyè. Mo ti sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mi ò ṣe fèsì. Mo gbé ẹní koríko mi lọ sí òdìkejì odò, sí ọ́fíìsì ọmọ Ọ̀gá Ku. Mo tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó ń dán, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: òkúta, amọ̀, èédú, ẹnu èéfín. Ọkùnrin náà fò dìde. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n bú mi ni?” Ó pe injiníà rẹ̀ wá gbọ́. Ìyẹn gbọ́ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ilẹ̀ oníná! Àṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bàbá, ìdí tí ibẹ̀ fi gbẹ ni ò yé wa tá a fi sàmì sí i. Gbogbo òrùlé yẹn ló ń jò, àfi ibi tẹ́ ẹ fi amọ̀ rẹ́.”

Mo ní ṣebí wọ́n ní ilé ti sán. Ó ní ilé wo ni kì í sán? Bí wọ́n bá tún un ṣe, á tún lo ogójì ọdún.

Mo ní, “Kí ló wá ṣe é?”

Ó ní, “Kò ga tó, Bàbá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti wọ́n ju àjà mẹ́sàn-án lọ. Mẹ́rìnlélógún là ń kọ́ síbẹ̀.”

Ojú tì mí ju ìgbà tí mo rò pé mo jẹ̀bi lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa á, ǹ bá mọ ohun tó pa á. Kò ṣe nǹkan kan. Ó dúró níbi tí wọ́n ní kó dúró, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Wọ́n kàn ní kò ga tó. Mo sunkún fún un nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn dìde fún mi kí n jókòó.

Inú bọ́ọ̀sì náà ni mo ti rò ó dé ìdí. Bó o bá ní kí n wá, mo ní ilé ò ṣeé fi sílẹ̀. Bí ìyá rẹ bá ní kí n kọ̀wé sí ọ, mo ní omi ń jò ní àjà kẹfà. Irọ́ ni, Mal-sun. Ilé yẹn ni mo fi ń bojú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi dá ọ lóhùn nítorí ọkọ tí kò ṣẹ̀ mí. Mo tún jẹ́ kí ìyá rẹ wọlẹ̀ láìjẹ́ kó o mọ̀. Ìwọ ni mo ṣẹ̀. Ìwọ ló yẹ kí n tẹ́ ẹní fún, mo wá gbé e lọ síwájú ọmọ Ọ̀gá Ku.

Kí àwọn oníkatakata tó dé, mo fi ọwọ́ ara mi hú ilẹ̀ náà. Mi ò fẹ́ kí àlejò fọ́ ibi tí ìyá rẹ sùn sí. Wọ́n fi aṣọ ńlá yí ilé ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o láti òkè. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí. Ọjọ́ kejì, mi ò lọ. Mo lọ sọ́jà, mo ra kúbùsù tuntun àti ìrọ̀rí fún ọ. Ìyá Pyo tó ni ilé yìí ní àwọ̀ pupa ò yẹ arúgbó, mo ní ta ló sọ pé tèmi ni.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, láti àárọ̀ ni màá ti wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Fọ́tò Hanna lò ń fi ránṣẹ́, ìwọ lò ń yà á, o kì í sí nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mo mọ̀, ó wọ aṣọ funfun, irun rẹ̀ dúdú. Mi ò mọ obìnrin tó ń bọ̀ yìí. Èmi náà ti kúrú, mo ti tẹ̀. A lè kọjá lára wa.

Nítorí náà, má wulẹ̀ máa wo ojú kiri. Dúró láàárín èrò, kó o pe “Bàbá” sókè bó o ṣe ń pè é nígbà tó o wà ní kékeré. Ọ̀pọ̀ bàbá ló máa yíjú. Mú èyí tí ẹkún ò jẹ́ kó dáhùn.

Bàbá rẹ.